Ìbò Ará Oko Kì í Ṣe Ohun Yẹ̀yẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè má dùn létí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti yẹ ká sọ ọ́. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìbò bá délẹ̀ láàrin wa, ì báà jẹ́ níbi ìpàdé, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onízémidjan lẹ́bàá títì, ohun kan náà la máa ń gbọ́: “Àwọn ará oko ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìrẹsì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ra ìbò wọn. Ibi tí baálẹ̀ bá nàka sí ni wọ́n ń tẹ̀ka sí.” Ẹni tó sọ ọ́ á rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á bá a rín in, ó parí nìyẹn.

Lójú tiwa, kò yẹ kó parí síbẹ̀, nítorí ìdí méjì. Àkọ́kọ́, ta ni ará oko? Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Baguida, ibí kọ́ ni ilé bàbá wa. Àwọn kan wá láti Atakpamé, láti Anié, láti abúlé àwọn Ifẹ̀ lápá Est-Mono. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Kambolé ní Tchamba. Àwọn mìíràn ti Kétou tàbí Savè wá, àwọn mìíràn ti Nàìjíríà wá. Ará oko tí à ń fi ṣẹ̀sín yìí, bàbá wa ni, ìyá wa ni, àbúrò wa tó ń dá oko òwú ni. Ìkejì, bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ní orílẹ̀-èdè yìí, ìbò ará oko wúwo ju ti ará Lomé lọ. Ó ti ń wúwo bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, ìwọ̀n yẹn ti wọ inú bí a ṣe ń yan ẹni tó ń ṣe ìjọba fúnra rẹ̀. A máa ṣàlàyé.

Bí wọ́n ṣe dìbò ààrẹ láti ìgbà òmìnira

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1961 ni Togo kọ́kọ́ dìbò yan ààrẹ. Sylvanus Olympio nìkan ló dúró lọ́jọ́ náà, kò sí alátakò lórí ìwé ìbò. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1963. Ní 1967, Gnassingbé Eyadéma gba ìjọba pẹ̀lú ìbọn. Ní 1979, wọ́n kéde pé ó gba ìdá 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1986, ìdá 99.95. Òun nìkan ló díje nígbà méjèèjì. Irú iye bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ará Lomé fún wa, kí á má tíì sọ ti ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn odò Mono.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ padà dé, tí a sì gba òfin ìpìlẹ̀ 1992, ni nǹkan wá ń hàn síta díẹ̀díẹ̀. Ní 1993, àwọn alátakò ní kí èèyàn má jáde dìbò. Eyadéma gba ìdá 96, ṣùgbọ́n ìdá 36 péré nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ní ó jáde. Ní 1998, wọ́n kéde ìdá 52 fún Eyadéma, ìdá 34 fún Gilchrist Olympio. Ní 2003, ìdá 57 àti díẹ̀ fún Eyadéma, ìdá 33 àti díẹ̀ fún Emmanuel Bob-Akitani. Nígbà tí bàbá kú ní oṣù Kejì 2005, ọmọ rẹ̀ Faure bọ́ síbẹ̀. Wọ́n kéde ìdá 60 fún un lọ́dún náà, ìdá 60 àti díẹ̀ ní 2010, ìdá 58 àti díẹ̀ ní 2015, ìdá 70 àti díẹ̀ ní 2020.

Àwọn alátakò kò gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn èsì yìí rárá, ti 2005 sì mú ẹ̀jẹ̀ dání: àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé èèyàn láàrin 400 sí 500 ló kú. A ò gbé e kalẹ̀ láti dá ẹjọ́ ta ni ó borí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni bí ìbò ṣe pín sórí ilẹ̀. Lómé àti etíkun máa ń gbè sẹ́yìn alátakò. Kara àti Savanes lókè máa ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Àwọn ẹkùn àárín, Plateaux àti Centrale, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń dàpọ̀. Bí a bá sì kúrò ní ìlú ńlá tí a wọ abúlé, ìbò ìjọba máa ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin tí ẹnikẹ́ni fi òkúta kọ. Sokodé wà lọ́nà òkè, síbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 2017, láti ibẹ̀ ni ìwọ́de ẹgbẹ́ PNP ti Tikpi Atchadam ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi gbogbo orílẹ̀-èdè. Èèyàn tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan lè yí ọkàn padà, bí ìdí bá wà.

Kí ló fà á tí oko fi ń dìbò bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú apá kan tí a mọ̀ dáadáa: ìlà-oòrùn Mono, láti Anié lọ sí Elavagnon, títí dé ààlà Benin. Ilẹ̀ oko ni. Abúlé wà níbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ ó sì rìn jìnnà kí ẹ tó rí òmíràn. Tí òjò bá dé, ọ̀nà á di ẹrẹ̀. Àwọn èèyàn wa, àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana, wà lára àwọn tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ náà.

Nítorí pé èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀, ìjọba Faransé kó àwọn Kabyè àti àwọn Losso sọ̀kalẹ̀ láti òkè Kara wá sí agbègbè tó wà láàrin Sokodé àti Atakpamé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1925 lọ. Wọ́n ní kí wọ́n wá la ọ̀nà, kí wọ́n wá dáko. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ń gbin òwú, iṣu àti àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nígbà tí Eyadéma, tó jẹ́ ọmọ Kabyè láti Pya, dórí oyè, ṣé ó yani lẹ́nu pé àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà ní oko Plateaux ń wí pé “ọmọ wa ni”?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn bú wọn, kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ní 1979 ní Nàìjíríà, Obafemi Awolowo gba ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìdá 92 ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣé ìrẹsì ni wọ́n fi ra ìyẹn? Kò sẹ́ni nínú wa tó máa gbà bẹ́ẹ̀. A ó ní ọmọ wa ni, a mọ iṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ ló sọ wá dèèyàn. Ohun tí a fi yẹ́ ara wa sí, kò yẹ ká fi bú ẹlòmíràn.

Ìdí kejì ni pé ní abúlé tó jìnnà, ohun tí ará oko mọ̀ sí ìjọba kò pọ̀. Kànga ẹ̀rọ ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, ilé ìwòsàn kékeré ni, ọ̀nà ni, àti prefẹ́ tó ń gun mọ́tò kọjá. Bí kànga bá bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe ni olówó rẹ̀ ń wò. Alátakò wà ní Lomé, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ́ kànga fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ìsédò Nangbéto lórí odò Mono. Ọdún 1987 ni wọ́n parí rẹ̀. Omi rẹ̀ bo ilẹ̀ oko, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n kó kúrò nílé, iná rẹ̀ sì ń lọ sí Togo àti Benin. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé tó wà nítòsí rẹ̀ pẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń wo wáyà iná tó ń kọjá lórí òrùlé rẹ̀ lọ sí ìlú ẹlòmíràn, tí olùdíje wá sọ fún un pé “iná ń bọ̀”, tí ó sì dìbò fún un, ẹ má pe onítọ̀hún ní òmùgọ̀. Ó ń ṣírò ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Ìdí kẹta ni èyí tí a kì í sọ, òun ló sì le jù. Ní Baguida, tí ẹ bá dìbò, ìbò yín ti dàpọ̀ mọ́ ti ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Kò sẹ́ni tó lè nàka sí yín. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ ọgọ́rin, tí wọ́n ka ìbò ní gbangba ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹgbẹ́ ìjọba ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí alátakò ní mẹ́ta, ilẹ̀ ò ní mọ́ kí gbogbo abúlé tó máa ṣírò pé ta ni àwọn mẹ́ta náà. Ìwé ìbò kò sọ orúkọ, ṣùgbọ́n iye fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè mọ òun, tí ilẹ̀ tó ń dáko lé wà lọ́wọ́ àgbà abúlé, tí ajílẹ̀ òwú rẹ̀ ń gba ọwọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọjá, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Òfin ní ìbò jẹ́ àṣírí. Níbi tí èèyàn kò pọ̀, àṣírí ọ̀hún fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

Ìdí kẹrin ni pé níbi tó jìnnà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní aṣojú ní ibùdó ìdìbò. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò kò ní owó epo, wọn ò sì ní èèyàn. Ẹni tí yóò jókòó títí wọ́n fi ka ìbò tán, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé èsì kí wọ́n tó gbé e lọ fún CELI, kò sí. Àwọn alákìíyèsí náà, ojú ọ̀nà ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, iye tó ti oko wá, ẹ̀rí rẹ̀ kéré ju ti ìlú lọ. Ẹni tó bá ní “wọ́n yí i” kò lè fi hàn. Ẹni tó bá ní “òótọ́ ni” kò lè fi hàn náà. Ìyẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, kódà kò ṣe ẹni tó borí láǹfààní.

Ọ̀rọ̀ kan ọba àti baálẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. A ò lè sọ̀rọ̀ ìbò oko ká fo orúkọ yín.

Ọ̀rọ̀ ọba àti ìbò ti pẹ́ ní Togo. Ní 1951, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ lókè tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Olóyè àti Àwọn Èèyàn Àríwá, UCPN. Àwọn olóyè ló ń kó ìbò abúlé jọ fún un. Ní oṣù Kẹrin 1958, nígbà tí Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá ṣọ́ ìbò, ẹgbẹ́ CUT ti Olympio ló borí. Àwọn olóyè tó ti fi ara wọn fún ẹgbẹ́ kan wá rí i pé àwọn wà lódìkejì ìjọba tuntun, àwọn àti ìlú wọn pọ̀. Ní 1967, afẹ́fẹ́ tún yí padà. Olóyè tó bá so ìlú rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan, ó ti so ó mọ́ ìṣubú ẹgbẹ́ náà.

Òfin ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2007 lórí oyè ìbílẹ̀ fún ipò yín ní àyè nínú ètò ìjọba, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ìjọba bá fúnni lè di okùn lọ́rùn ẹni. Olóyè á máa rò pé bí abúlé òun kò bá dìbò dáadáa, wọ́n á bi òun. Òun náà á wá máa bi àwọn ọmọ abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ṣe ń ti òkè sọ̀kalẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a wà yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1884, níbí ní Baguida, ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láàrin Gustav Nachtigal ti Jámánì àti ẹni tó ń ṣojú ọba Mlapa ti Togoville. Baguida ni ibùjókòó Jámánì àkọ́kọ́, kí wọ́n tó lọ sí Zébé, kí wọ́n tó wá lọ sí Lomé ní 1897. Ìwé tí èèyàn díẹ̀ fọwọ́ sí létí òkun, òun ni wọ́n fi gba ilẹ̀ títí dé Dapaong, lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì rí Jámánì rí. Ọwọ́ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ogunlọ́gọ̀ ló ru ẹrù rẹ̀. Tí baálẹ̀ kan bá ní “abúlé mi ti fẹnu kò”, tí kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó jọ ìyẹn ló ṣe.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni yín. Ẹ̀yin lẹ lè sọ lójú gbogbo èèyàn pé: “Ẹ dìbò fún ẹni tó wù yín, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù ajílẹ̀ nítorí rẹ̀.” Gbólóhùn kan yẹn, láti ẹnu baálẹ̀, ju ìwé òfin mẹ́wàá lọ ní oko.

Ìwọ̀n tí ìbò oko gbé

A ti ní a máa ṣàlàyé ìdí tí ìbò ará oko fi wúwo. Ní ìbò ààrẹ, ẹyọ kan jẹ́ ẹyọ kan. Ìbò ẹni tó wà ní Elavagnon àti ti ẹni tó wà ní Baguida dọ́gba. Ti aṣòfin, tí à ń pè ní depité, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn kò pọ̀ náà ní àga tirẹ̀, àga ìlú ńlá kò sì pọ̀ tó iye orí rẹ̀.

Ẹ wo ìbò aṣòfin ti oṣù Kẹwàá 2007. Ẹgbẹ́ RPT gba nǹkan bí ìdá 39 nínú ìbò, ẹgbẹ́ UFC gba ìdá 37. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba? Ṣùgbọ́n RPT gba àga 50 nínú 81, UFC gba 27. Ní 2013, UNIR gba ìdá 46 àti díẹ̀ nínú ìbò, ó sì gba àga 62 nínú 91. Lómé àti agbègbè rẹ̀ ní àga 10 péré, bẹ́ẹ̀ ìkànìyàn 2010 ti fi hàn pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.4 ń gbé ibẹ̀, nínú mílíọ̀nù 6.2 tí gbogbo Togo jẹ́. Ẹnì kan nínú mẹ́rin, àga kan nínú mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ iye orí ni, àga bíi 22 ló yẹ kó kàn wá.

Nígbà tí ìbò ààrẹ ṣì wà, ìyàtọ̀ yìí kò kan ẹni tó ń ṣe ìjọba. Ó kàn án báyìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2024, àwọn aṣòfin dìbò fún òfin ìpìlẹ̀ tuntun, ó sì di òfin ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún. Láti ìgbà náà, aráàlú kì í dìbò yan ààrẹ mọ́. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ààrẹ Ìgbìmọ̀ Àwọn Mínísítà, tí wọ́n ń pè ní Président du Conseil, ó sì ń ti inú ẹgbẹ́ tó ní aṣòfin tó pọ̀ jù wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2024, UNIR gba àga 108 nínú 113. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2025, Faure Gnassingbé búra wọ ipò náà. Lọ́jọ́ kan náà ni ilé aṣòfin yan Jean-Lucien Savi de Tové sí ipò Ààrẹ Orílẹ̀-èdè, tó ti di ipò ọlá.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìbò ààrẹ ti wọ inú ìbò depité. Ẹni tó ń dìbò depité ní abúlé Est-Mono ń dìbò ẹni tó máa ṣe ìjọba, àga tó sì ń dìbò lé lórí wúwo ju tiwa lọ. Ìbò kọmíìnì náà wọ ọ́, torí àwọn ìgbìmọ̀ kọmíìnì àti ti ẹkùn ló ń yan ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn sẹnatọ̀, àwọn sẹnatọ̀ àti àwọn depité ló sì ń yan Ààrẹ Orílẹ̀-èdè. Àwa ní Golfe 6 tó ń fojú tín-ínrín ìbò kọmíìnì, ká tún un rò.

A ò ní kí wọ́n gba àga lọ́wọ́ oko. Ibi tó jìnnà nílò ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nàìjíríà náà ṣe nǹkan tó jọ ọ́: ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Awolowo àti Shagari dé ilé ẹjọ́ gíga jù ní 1979. Ète rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé agbègbè kan nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ẹnì kan ní ìwọ̀n tó wúwo, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan.

Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti rí ewu tó wà nínú kí wọ́n mọ ìbò oko kí oko tó dìbò. Ní oṣù Kẹta 1970, wọ́n ń dìbò ààrẹ ní Dahomey ní ẹkùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Apithy ní ìlà-oòrùn gúúsù níbi tí ọ̀pọ̀ Nàgó wà, Ahomadégbé ní Abomey, Maga ní àríwá. Olúkúlùkù pẹ̀lú ilé rẹ̀. Nígbà tó ku Atacora, ilé Maga, àwọn ológun tó wà lórí oyè fagi lé ìbò náà, torí gbogbo èèyàn ti mọ ibi tí ìbò oko yẹn máa lọ. Àwọn mẹ́ta náà wá pín ipò ààrẹ láàrin ara wọn, ológun sì tún lé wọn ní 1972. Ibi tí gbogbo èèyàn bá ti mọ èsì oko ṣáájú, wọ́n lè má jẹ́ kí oko dìbò rárá, tàbí kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ láìdé ibẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin baálẹ̀ wa nílé, ẹ má gba káàdì ìdìbò ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ ní ojúde yín. Olùdíje tó bá wá kí yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ìwà wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó wá ní gbangba, kí ẹ béèrè ohun tí abúlé nílò lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Tí òmíràn bá dé lọ́la, ẹ ṣe é bákan náà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti jiyàn lé lórí láàrin ara wa. Àwọn kan ní kí wọ́n da ìbò àwọn abúlé kéékèèké pọ̀ kí wọ́n tó kà á, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ti abúlé kan. Àǹfààní wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí tó bá rin ọ̀nà oko lóru láìtíì kà, ta ló mọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀? A fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa kà á níbi tí wọ́n ti dì í, kí aṣojú ẹgbẹ́ gbogbo sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù tó ń ba ará oko, ọ̀rọ̀ ẹnu baálẹ̀ ló lè lé e lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ìjọba àti ti alátakò, ẹ má dúró sí ojú ọ̀dà. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹnì kan ṣoṣo ní ibùdó tó jìnnà, tó wá ń pariwo lẹ́yìn ìbò, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A máa ń relé fún òkú, fún ìgbéyàwó, fún ọdún. Ẹ jẹ́ ká fi wákàtí kan níbẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn èèyàn wa pé depité tí wọ́n ń yàn ló ń yan olórí báyìí, pé ìwé ìbò kò ní orúkọ, pé wọ́n lè gba ìrẹsì kí wọ́n sì dìbò bó ṣe wù wọ́n. Ká sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti Lomé wá pẹ̀lú ìgbéraga, àwọn àgbà á gbọ́ ọ, wọ́n á sì dìbò òdìkejì ohun tó sọ.

Ọ̀dọ́ tó bá ní mọ́tò tàbí alùpùpù, tó jẹ́ ọmọ Togo, tó sì mọ̀wé, kó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti jókòó ní ibùdó abúlé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ni kó ṣojú fún, ìyẹn kò kàn wá. Ká ṣáà ti ní ojú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ Togo láàrin wa, ẹ má fi ọwọ́ kan ìbò ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fi káàdì irọ́ dìbò, gbogbo Yorùbá ló kó sínú wàhálà. Ẹni tí a bí síbí, tí òfin sì kà sí ọmọ ilẹ̀, tí kò tíì gba ìwé, kó yáa lọ gbà á. Kó má dúró dìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá kù ọ̀la.

A mọ̀ pé ẹnì kan máa ní: “Kí là ń dààmú sí? Ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa kọ.” A gbọ́. Ṣùgbọ́n 108 nínú 113 rọrùn láti kọ níbi tí kò sẹ́ni tó jókòó ti àpótí. Níbi tí aṣojú mẹ́ta ti fọwọ́ sí ìwé èsì, tí baálẹ̀ sì ti sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má bẹ̀rù, ó ṣòro díẹ̀. Bí òfin bá dúró bó ṣe wà, ọdún mẹ́fà ni àwọn depité ń lò, 2030 sì ni ìbò wọn tó ń bọ̀. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kó sì jẹ́ ká jọ rí ọjọ́ tí ẹni tó wà ní ìparí ọ̀nà yóò dìbò láìwẹ̀yìn.